Kámẹ́rà Háyà Ìyá Dùgbẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá ní ìkòkò lórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná kó tó wá jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Ó ti pẹ́ lára mi. Ó pẹ́ débi pé àwọn tí ǹ bá tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó sọ ọ́ ti sùn tán, ó wá ku èmi nìkan. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọdún tó ṣáájú òmìnira ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi ní fọ́tò yíyà nílùú wa, mo sì wọ Ìbàdàn pẹ̀lú àpótí onípákó kan àti aṣọ mẹ́ta. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, ohun èlò ni kò sí. Ayàwòrán tí kò ní kámẹ́rà, kí ló fi yàtọ̀ sí ọdẹ tó ń na ìka sí ẹran? Mo ń rìn káàkiri Dùgbẹ̀, mo ń wo ojú àwọn ènìyàn, mo ń sọ lọ́kàn mi pé bí mo bá ya eléyìí, ibi báyìí ni ìmọ́lẹ̀ yóò ti wọlé. N kò ya ẹnikẹ́ni.

Alágbàfọ̀ kan ló fọ̀nà hàn mí. Ó ní kí n lọ sẹ́yìn tééṣàn rélùwéè, kí n béèrè ìyá oníkámẹ́rà.

Opó ni ìyá náà. Ọkọ wọn, ayàwòrán tí gbogbo Dùgbẹ̀ mọ̀, ti kú ní bí ọdún méjì kí n tó dé. Ìyá kò ní ọmọ tó yè. Ohun tó kù lọ́wọ́ wọn ni yàrá méjì tí wọ́n háyà àti kámẹ́rà ọkọ wọn. Kámẹ́rà onípákó ni, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó ní awọ dúdú tó ń fà bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Wọn kò tà á. Wọ́n ń fi í háyà ni, èyí tó bá sì tibẹ̀ wọlé ni wọ́n fi ń jẹun.

Àwa mẹ́ta la jọ ń háyà rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀. Ọ̀kan ń gbé e lọ sí Onírèké, lọ́dọ̀ àwọn akọ̀wé ìjọba. Ọ̀kan ń gbé e dé ọ̀nà Agbowó, nígbà tí Agbowó ṣì jẹ́ oko, kó lè ya àwọn ọmọ yunifásítì nínú aṣọ wọn gbàgẹ̀rẹ̀. Èmi ní tèmi, mo ń ya àwọn ará ọjà Dùgbẹ̀ àti àwọn agbo ilé tó yí i ká. Túsìdeè àti Sátidé ni ọjọ́ tèmi. Ará Onírèké máa ń sọ pé kámẹ́rà háyà dà bí ẹṣin ọba, o lè gùn ún, o kò lè sọ ọ́ lórúkọ. Òun náà ń gùn ún o, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn ún.

Òfin ìyá kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé yẹ̀. Kámẹ́rà kò gbọdọ̀ sun ìta. Ẹni tó gbé e jáde kò gbọdọ̀ gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹfun, ọ̀dà tàbí bébà lẹ nǹkan kan mọ́ ọn lára. Bí o bá dá a padà, o kò ní tíì lọ. Ìyá á sọ pé kí o dojú rẹ̀ kọ oòrùn, wọ́n á wá ki orí bọ inú aṣọ dúdú lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á máa fi ojú wá ihò tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà wọlé lára awọ náà. A ó dúró níbẹ̀ bí ẹlẹ́wọ̀n. Láti inú aṣọ náà ni ohùn wọn á ti jáde pé ihò kan ti yọ níbí bí ojú abẹ́rẹ́, ta ló gbé e sórí kẹ̀kẹ́? A ó máa wo ara wa lójú. Ará Agbowó ni, gbogbo ìgbà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà, kí ohun tó ń bọ̀ lè yé yín. Ẹni tó ń háyà nǹkan kì í mọ̀ ọ́n dé egungun. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ lo fi mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ ń bá a ṣeré, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ló kúrò níbẹ̀ lánàá.

Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí lágbègbè náà. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, a kì í sọ pé ó kú, a máa ń sọ pé ó lọ sí ọjà. Nígbà àwọn bàbá wa, ère ni wọ́n ń gbẹ́ dípò ẹni tó lọ. Nígbà tiwa, àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá ayàwòrán. Èyí tó kù la ó yà lẹ́ẹ̀mejì sórí dígí kan ṣoṣo, dígí olóògùn tí àwòrán ń kọ́kọ́ mú sí. A ó tẹ́ àga méjì. A ó fi páálí dúdú bo ìlàjì dígí, ọmọ á jókòó sórí àga kìíní, a ó yà á. A ó yí páálí sí apá kejì, láìjẹ́ kí kámẹ́rà mì rárá, ọmọ á bọ́ sórí àga kejì, a ó tún yà á. Bí a bá fọ dígí náà tán, tí a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, àwọn méjèèjì á jókòó pọ̀. Mo ti ṣe é fún ìyá aláṣọ kan nínú ọjà. Ìyá aláṣọ náà kàn ń fi àtàǹpàkò pa fọ́tò náà lára, bí ẹni ń nu imú ọmọ.

Ọkọ ìyá oníkámẹ́rà, ìbejì ni òun náà. Òun ló kọ́kọ́ jáde, nítorí náà òun ni àbúrò. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹni tó kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán ẹni ìṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ẹ̀gbọ́n yìí ṣì wà láàyè, ní ìlú wọn lọ́hùn-ún ní apá ìlà-oòrùn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe oko kòkó. N kò tíì rí wọn rí, títí di Túsìdeè kan tí mo ń tẹ́ ẹsẹ̀ kámẹ́rà sílẹ̀ nínú ọjà.

Bàbá kan dúró tì mí. Wọ́n ń wo kámẹ́rà, wọn kò wò mí. Wọ́n ní àwọn ni ẹ̀gbọ́n ẹni tó ni nǹkan tí mo gbé dání yìí. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé ara wọn. Oko bàbá àwọn ni àwọn fi dógò kí àbúrò àwọn tó rí kámẹ́rà yìí rà, àwọn nìkan ló sì ṣiṣẹ́ títí oko náà fi padà bọ̀. Wàyí o, òrùlé àwọn ń jò, àwọn ọmọ wà nílẹ̀ tó yẹ kó wọ ilé ìwé. Ìdí igi la fi ń pín ogún, àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní ìdí tiwọn, wọ́n ní, obìnrin tí kò sì ní ọmọ kò ní ìdí igi kankan nílé ọkọ. Kì í ṣe àwọn ló dá àṣà náà. Àwọn ti fi í sílẹ̀ fún opó náà fún ọdún méjì, ó tó. Wọ́n wá wò mí. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé èmi ni ọwọ́ mi tutù jù nínú àwọn tó ń lò ó. Ṣé mo lè rà á?

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi, ì bá wù mí kí n sọ fún yín pé mo ronú. N kò ronú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Owó wà nínú kóló mi tí mo ti ń tọ́jú fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ara mi ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo fi ẹfun kọ orúkọ mi sí ìdí kámẹ́rà. Ohun kan ṣoṣo ni mo tọrọ lọ́wọ́ bàbá náà, pé kí wọ́n má tíì sọ ẹni tó rà á fún ìyá. Wọ́n gbà. A fi í sí Sátidé. Ní ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè yẹn, mo dá kámẹ́rà padà, ìyá ki orí bọ inú aṣọ dúdú, wọ́n wá ihò, wọn kò rí. Wọ́n ní, “Ọwọ́ rẹ dára, ọmọ mi.” Mo sáré kúrò níbẹ̀.

Ní Fúráìdeè, ìyá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń yọ òkúta nínú ẹ̀wà. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ọkọ àwọn ti dé, pé wọ́n fẹ́ mú kámẹ́rà lọ, pé ẹni tó rà á yóò wá gbé e lọ́la. Mo ní mo gbọ́. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà náà lọ.

“N kò ní bá wọn jà,” ni ìyá wí. “Ohun ìdílé ni. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ya gbogbo ẹni tó kọjá ní Dùgbẹ̀ yìí. Ó ya ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ó ya ẹni tó ń lọ òkè òkun, ó ya òkú pàápàá lórí àga. Ta ló ya òun?”

Òtítọ́ ni. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Láàárín gbogbo àwòrán tó wà lára ògiri yàrá náà, kò sí ojú ọkọ wọn níbẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ dúdú ni wọ́n wà nígbà tí gbogbo ayé jókòó.

Ìyá ní kí kámẹ́rà yìí tó jáde nílé àwọn, àwọn fẹ́ kó ya ọkọ àwọn. Mo rò pé ìbànújẹ́ ti dà wọ́n lórí rú. Wọ́n rí i lójú mi. Wọ́n ní ẹni tó bá ọkọ àwọn pín inú ìyá kan ṣì wà láàyè, wọ́n sì wà nínú yàrá yẹn báyìí, wọ́n ń sùn.

“Ọmọdé ni a máa ń ṣe é fún, Màmá.”

“Ìbejì a máa dàgbà kúrò ní ìbejì bí?”

Bàbá náà kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò lè dé fìlà òkú jókòó ní ipò rẹ̀. Ìyá kúnlẹ̀, wọ́n ní, ọkọ mi, ẹ gba ìyẹn, kí ẹ fún mi ní èyí. Bàbá nawọ́ sí i. Wọ́n ní ó dára, ìyàwó, dìde.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo so owó náà mọ́ ìbàdí lábẹ́ bùbá, mo lọ ya àwòrán. A tẹ́ àga méjì sí ẹ̀yìnkùlé, níwájú aṣọ funfun. Ìyá gbé fìlà olóògbé jáde nínú àpótí, òórùn kàfúrà ń jáde lára rẹ̀. Wọ́n gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì gbé e lé orúnkún wọn.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí. Bí àgbà méjì bá fẹ́ jókòó ya fọ́tò, ọwọ́ ọ̀tún ni ti ẹ̀gbọ́n. Ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nínú dígí ẹ̀yìn kámẹ́rà, èyí tí a fi ń wo ẹni tí a fẹ́ yà, ayé dojú dé. Orí wà nísàlẹ̀, ọ̀tún wà lósì. Ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, a fi ẹfun sàmì sí ara dígí náà kí ọwọ́ má baà ṣì. Kámẹ́rà ìyá kò ní àmì, nítorí òfin wọn. Ojoojúmọ́ ni mo ń fi ọkàn yí i padà. Ní ọjọ́ yẹn, ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Bí mo ṣe tẹ̀ba sínú aṣọ dúdú, owó náà ń tẹ̀ mí nínú.

Mo ní kí bàbá jókòó sórí àga kìíní pẹ̀lú fìlà tiwọn. Mo yà wọ́n. Mo yí páálí. Ìyá dìde, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dé fìlà olóògbé lé ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn lórí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí apá kan díẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n tún un tẹ̀. Bàbá dé ibi àga kejì, wọ́n dúró. Wọ́n bi mí pé ṣé ibí ni? Mo ní ibẹ̀ ni, Bàbá. Wọ́n jókòó. Mo yọ ìdérí lójú kámẹ́rà, mo kà á lọ́kàn, mo dé e padà. Ìyá ń wò wá.

Mo rò pé ọjọ́ náà ni a ó parí ohun tó kù. Bàbá ní rárá, àwọn fẹ́ rí i ná kí àwọn tó gbowó. Torí náà, mo lo Sọ́ńdè àti àárọ̀ Mọ́ńdè nínú yàrá òkùnkùn ìyá, tí wọ́n fi ẹní dí fèrèsé rẹ̀. Nígbà tí àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú omi, fìlà ló kọ́kọ́ hàn, lẹ́yìn náà ojú. Inú mi dùn pé ìlà àárín kò hàn rárá. Ìgbà tí mo gbé e síta láti sá a ni mo tó rí i. Ẹ̀gbọ́n wà lósì. Òkú wà lọ́tùn-ún.

Mo ti fẹ́ fà á ya. Ṣùgbọ́n bàbá ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ti na ọwọ́.

Wọ́n gbé e lọ sídìí ògiri níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Wọ́n wò ó, wọ́n sún un jìnnà, wọ́n tún fà á mọ́ra. Ìyá ti jáde wá, wọ́n dúró lẹ́yìn wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí erùpẹ̀, mo ní àṣìṣe mi ni, mo fi òsì pe ọ̀tún, kí wọ́n jẹ́ kí n tún un yà.

“Ó jókòó sípò mi,” ni bàbá wí.

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa bí ẹ̀rín ẹlòmíràn, ó wá já sí méjì láàárín. Wọ́n fi ọwọ́ ti ògiri. Wọ́n ní láti kékeré lọmọ yìí ti ń bá àwọn du àyè náà. Nídìí àwo oúnjẹ, ẹni tó bá wà lọ́tùn-ún bàbá àwọn ló ń pín ẹran. Àwọn ni ẹ̀gbọ́n, àwọn ló tọ́ sí. Bí àwọn bá fi máa fọwọ́ tán, ó ti jókòó síbẹ̀. Ó máa ń sọ pé òun lòun kọ́kọ́ rí oòrùn, kí ẹni tó ń sùn nínú lọ́hùn-ún lọ jókòó. Bí wọ́n bá nà án, ọ̀la ni yóò tún jókòó síbẹ̀.

“Títí tó fi kú, kò pè mí ní bọ̀dá rí,” ni wọ́n wí. “Ó tún kú tán, kò jáwọ́.” Wọ́n yíjú sí ìyá. “Ìyàwó, ṣé ìwọ lo ní kó fi í síbẹ̀?”

“Rárá, ọkọ mi. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ jókòó síbẹ̀.”

Bàbá tún wo fọ́tò náà. Adìyẹ kan ń tú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, mo ní bí a bá tún un yà, kò ní gbà ju ọjọ́ kan lọ.

“Má tún un yà,” ni bàbá wí. “Ẹni tó wà lọ́tùn-ún ló ń pín. N kò ní nawọ́ sí nǹkan lójú rẹ̀.”

Bí wọ́n ṣe dá ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Kámẹ́rà yóò wà lọ́wọ́ ìyàwó títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé, lẹ́yìn náà kó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìdílé. Òrùlé àwọn yóò dúró de kòkó. Wọ́n wá wo èmi tí mo wà nílẹ̀, wọ́n ní kí n dìde, kí n sì lọ tú ohun tó wà ní ìbàdí mi, kó má baà bó mi lára.

Ojú tì mí débi pé n kò lè nàró tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ fún ìyá pé èmi ni, pé èmi ni mo fẹ́ rà á. Wọ́n fọwọ́ dá mi dúró.

“Mo mọ̀. Láti Túsìdeè tí o ti sá fún ojú mi.” Wọ́n gba fọ́tò náà lọ́wọ́ bàbá, wọ́n wò ó fúngbà díẹ̀. “Mo rí i nígbà tí o gbé àwọn méjèèjì sípò òdì. Ìyàwó ayàwòrán ni mí.” Wọ́n ń wọlé lọ. “Ọ̀la ni Túsìdeè. Tètè dé.”

Mo tètè dé. Mo ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ará Onírèké ra tirẹ̀, ó kọ orúkọ gàdàgbà sí i lára. Ará Agbowó ra tirẹ̀, ó sì ń gbé e lórí kẹ̀kẹ́ bó ṣe wù ú. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà tuntun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé sí Bódìjà níbi tó jẹ́ igbó, mo sì ń gbé kámẹ́rà ìyá dé gbogbo ibẹ̀, mo ń dá a padà kí oòrùn tó wọ̀. Owó kóló mi, ìyàwó ni mo fi gbé.

Bàbá ló kọ́kọ́ lọ, ìyá tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ẹ̀dà àwòrán tí mo tẹ̀ fún bàbá, wọ́n fi í sí àyà wọn nínú ilẹ̀, ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe nìyẹn. Èyí tó wà lọ́dọ̀ ìyá, àbúrò wọn obìnrin ló gbé e, ó sì gbé àwọn àga méjèèjì náà. Fìlà wà lọ́dọ̀ ìdílé. Aṣọ dúdú náà kàn mí. Ìyá ti ká a sọ́tọ̀, wọ́n fi okùn dì í, wọ́n ní ihò rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí àwọn lè wá tán lọ.

Kámẹ́rà kan àkọ́bí bàbá, obìnrin ni. Nígbà tó wá gbé e, owó wà lọ́wọ́ mi, mo sì bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá yóò fẹ́ tà á. Ó dojú rẹ̀ kọ oòrùn, ó ki orí bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo awọ náà síwá sẹ́yìn.

Ó ní, “Bọ̀dá, a kì í tà á. A máa ń fi í háyà ni. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́?”